Kànga Tí Mo Gbẹ́ fún Ìyá Mi

Ẹ sọ fún dírẹ́bà yẹn kó pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ̀yin ọmọ mi náà wọlé wá jókòó. Mo mọ̀ pé ẹ ti tọ́jú yàrá dè mí ní Lẹ́kí. Mo mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni yàrá náà wà kí n má baà máa gun àtẹ̀gùn, àti pé nọ́ọ̀sì kan yóò máa wá wò mí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Mo sì mọ̀ pé èmi fúnra mi ni mo sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú pé ó dáa, kí ẹ wá gbé mi lónìí, ọjọ́ Sátidé. Mi ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́rú, n ó sì sọ ọ́ fún yín. Kí n tó débẹ̀, mo ní láti sọ̀rọ̀ nípa ìyá mi, àti nípa omi. Ẹ fara dà á. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin kì í sáré sọ̀rọ̀. Bó bá sáré, yóò gbàgbé ibi tó ń lọ.

Kúlóòsì wa yìí kì í ṣe bí ẹ ṣe ń wò ó yìí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún àwa òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ nílé ní Fẹ́sítákì, kò sí géètì lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ògiri láàárín ilé kan sí èkejì. Koríko ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé ló sì la ọ̀nà sí i. Ilé méjìlá ni wá. Bí ẹnì kan bá ń dín dòdò nílé kìíní, ará ilé kejìlá ló máa pariwo pé ó ti ń jóná. Bí ọmọ bá ṣubú, ìyá mẹ́rin á sáré jáde, ìyá tó bí i lọ́mọ á wá ṣe ẹ̀karùn-ún. Mo mọ orúkọ gbogbo ará ilé méjèèjìlá. Ẹ má rò pé mò ń fọ́nnu. Sítọ́, níbi tí wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ sí, ni mo ti ṣiṣẹ́ ní mínísírì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó sì ti mọ́ mi lára láti mọ ohun tó wà nílẹ̀ àti ohun tó ti kúrò nílẹ̀. Lónìí, tí ẹ bá ní kí n ka àwọn tó ń gbé inú ilé méjìlá yẹn, ilé mẹ́ta ni mo mọ̀. Àwọn tó kù, mọ́tò wọn ni mo mọ̀. Gíláàsì mọ́tò náà dúdú, mi ò sì mọ̀ bóyá wọ́n ń kí mi tàbí wọn ò kí mi.

Ìyá mi wá bá wa gbé lẹ́yìn tí a sin bàbá mi nílé, ní Ìjẹ̀bú. Fúnmiláyọ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ọ́ nígbà náà. Ní oṣù kìíní tó dé, ojú fèrèsé ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ó ní nínú Èkó yìí, èèyàn pọ̀ bí iyanrìn, ṣùgbọ́n òun ò rí ẹni tí òun lè bi léèrè pé báwo lẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ lánàá.

Lásìkò yẹn, omi inú ilé ti gbẹ. Bí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ ní bálùwẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń jáde. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni èyí tó wà ní ìparí kúlóòsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Ìṣísẹ̀ mọ́kàndínláàádọ́rin ni láti ẹnu ọ̀nà wa. Mo kà á. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni omi máa ń dé. Bó bá fi máa di aago mẹ́jọ, ó ti lọ. Kó tó dé, ẹ̀rọ náà á kọ́kọ́ wúkọ́. Á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á dákẹ́ bí ẹni tó ń ronú, á tún wúkọ́, á wá pọ omi pupa tó ní ìpẹtà irin jáde, kí omi tó mọ́ tó tẹ̀lé e. Ẹni tí kò bá sí nídìí rẹ̀ nígbà tó ń wúkọ́, olúwa rẹ̀ á fi omi ìdajì garawa wẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Ìyá mi kì í sùn kọjá aago mẹ́rin. Òun ló kọ́kọ́ gbọ́ ikọ́ yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì yọrí lójú fèrèsé, ó figbe ta: “Ẹ jí o! Ẹ̀rọ ti ń wúkọ́!” Ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn ń sáré jáde tàwọn ti kẹ́ẹ̀gì, ẹlòmíràn wọ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún sí tòsì. Láti ọjọ́ náà ni kúlóòsì ti fi í jẹ oyè láìsọ. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Àgbà. Òun ló ń jí wa, òun náà ló sì ń tọ́jú láìnì.

Á gbé àpótí rẹ̀ lọ síbẹ̀, á fi ṣáálì bo èjìká, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Kò mọ̀wé, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo kẹ́ẹ̀gì jọra wọn, kẹ́ẹ̀gì òróró aláwọ̀ ìyeyè kan náà ni. Ohun tó ṣe ni pé ó ya àkísà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì so ó mọ́ ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì ilé kọ̀ọ̀kan. Àǹkárá aláwọ̀ ewé ni tiwa. Jọ́ọ̀jì pupa ni ti Mama Chidi, ọmọ Ìbò tó ń gbé ní òdìkejì wa. Ti Bàbá Ṣọlá, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìntì, tó ń dá gbé lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ kú, abala táì rẹ̀ àtijọ́ kan ni. Ó ní àkísà kò yẹ tíṣà.

Bàbá Ṣọlá ni aláwàdà ibẹ̀. Á dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta, á sì fẹ́ yọ́ gba iwájú.

“Ìyá Àgbà, ẹ wo irun funfun orí mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pọn.”

“Irun funfun tìẹ mélòó ni? Tèmi ò sí lórí ni? Padà sẹ́yìn, Tíṣà. Ṣé bí o ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn?”

“Ọ̀gá ilé ìwé kì í tò sí láìnì, Màmá.”

“Ó dáa, lọ fọn fèrè kí omi wá bá ọ nílé.”

Mama Chidi á wá dá sí i pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó máa ń fì sọ́tùn-ún fì sósì bí ẹni tó ru omi láìlo òṣùká. “Bàbá Ṣọlá, ẹ lọ fẹ́ ìyàwó kó máa pọnmi fún yín.”

“Ìwọ ò ní ẹ̀gbọ́n obìnrin?”

“Mo ní o. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó bá ní eyín ló fẹ́ràn.”

Gbogbo láìnì á bú sẹ́rìn-ín, ẹni tó bá ọkọ rẹ̀ jà lóru àná náà á rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé òun ń bínú. Báyìí la ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́. Àwọn Yorùbá ní èèyàn laṣọ mi. Mo rò nígbà yẹn pé àsọdùn ni. Mi ò mọ̀ pé aṣọ gidi ni, tí wọ́n bá bọ́ ọ lára arúgbó, òtútù ni yóò pa á.

Ní oṣù Kejìlá, àwọn géńdé kúlóòsì á fi ẹfun kun sìmẹ́ńtì ìdí ẹ̀rọ. Lọ́sàn-án Kérésìmesì, àwo ìrẹsì á máa pàdé ara wọn lójú ọ̀nà, tiwa ń lọ, tiwọn ń bọ̀, a ò sì tíì jẹun tán tí a ó fi mọ ata ilé ta ló pọ̀ jù. Ọdún kan wà tí Mama Chidi so òbúkọ Kérésìmesì rẹ̀ mọ́ páìpù ẹ̀rọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kẹ́ẹ̀gì tí a ti tò sílẹ̀ láti alẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òbúkọ yẹn ti jẹ gbogbo àkísà ara kẹ́ẹ̀gì mọ́ kẹ́kẹ́. Ó jẹ táì Bàbá Ṣọlá pẹ̀lú. Àárọ̀ ọjọ́ náà, ariwo ò dín, kẹ́ẹ̀gì mọ́kàndínlógójì, kò sẹ́ni tó mọ tirẹ̀. Ìyá mi ní kí gbogbo wa dákẹ́. Ó di ojú, ó ń fọwọ́ pa kẹ́ẹ̀gì lára lọ́kọ̀ọ̀kan: “Èyí tó tẹ̀ níkùn yìí, ilé kẹrin. Èyí tí ìdérí rẹ̀ ti là, Mama Chidi.” Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣì. Bàbá Ṣọlá ní òun ò mú nínú òbúkọ náà, òun ò jẹ nínú rẹ̀, táì òun ni kí wọ́n bá òun yọ nínú ẹran.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìjókòó yẹn ń ṣe fún wa tí a kò mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyá mi wo láìnì, ó ní, “Tíṣà dà?” A ní bóyá ó sùn lọ. Ó ní, “Láti ọdún mẹ́fà tí mo ti ń jókòó níbí, kò sùn kọjá ikọ́ ẹ̀rọ rí. Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.” A kàn án, kò dáhùn. Èmi àti ọkọ Mama Chidi la já ilẹ̀kùn náà. Ó wà nílẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ilẹ̀kùn, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú rẹ̀ ń wò wá. Mọ́tò mi la fi gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní ká ní ọ̀sán la rí i ni, òkú la máa bá. Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ wá sídìí ẹ̀rọ. Ìyá mi wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, “Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà, ẹ̀yìn láìnì ló ń tò sí.” Bàbá Ṣọlá rẹ́rìn-ín títí omijé fi dà lójú rẹ̀. Mi ò rò pé ẹ̀rín nìkan ni.

Àsìkò yẹn ni ìyá mi pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ọjọ́ orí tí mo wà lónìí gẹ́lẹ́. Eegun rẹ̀ ń ró bí ó bá dìde, ṣùgbọ́n ó ń dìde. Ní oṣù Keje ọdún náà, ó yọ̀ lórí sìmẹ́ńtì ìdí ẹ̀rọ, ó fi orúnkún lélẹ̀. Ó bó díẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì wú fún ọjọ́ mẹ́rin. Òun fi ṣẹ̀rín. Èmi ò fi ṣẹ̀rín. Ẹ mọ irú bàbá tí mo jẹ́. Èmi ni mo máa ń dìde lẹ́ẹ̀mẹta lọ wo ìdí gáàsì bóyá wọ́n pa á. Nígbà tí ẹ wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo máa ń fi mọ́tò tẹ̀lé bọ́ọ̀sì yín dé Apple Junction láìjẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn èèyàn bẹ́ẹ̀, bí ẹni náà bá sín, yóò gbọ́ ikú níbẹ̀. Mo wo ọrùn ọwọ́ tó wú yẹn, mo sì rí pósí.

Mo pe àwọn agbẹ́kànga láti Kuje, ìtòsí wa níbí. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi lu ilẹ̀ lẹ́yìn ilé yìí. Mo gbé pọ́ǹpù sí i, mo ri irin, mo gbé tánkì dúdú lé e, mo fa páìpù lọ tààrà sí bálùwẹ̀ ìyá mi kó tó dé ibòmíràn. Kò sí kànga ẹ̀rọ kankan ní kúlóòsì wa tẹ́lẹ̀, tèmi ni àkọ́kọ́. Ìyá yín, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, òun nìkan ló bi mí léèrè. Ó dúró tì mí níbi tí wọ́n ti ń po sìmẹ́ńtì, ó ní, “Bàbá Fúnmi, ṣé omi ni Màmá ń lọ pọn níbẹ̀?”

Mo ní, “Kí wá ni?”

Ó wò mí, ó sì wọlé lọ.

Lọ́jọ́ tí omi dé, mo mú ìyá mi lọ sí bálùwẹ̀, mo ṣí ẹ̀rọ fún un. Kò wúkọ́. Omi náà kàn jáde ni, ó mọ́ roro. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ rẹ̀, ó sì gbàdúrà fún mi títí tí garawa fi kún tó ń dà nù. Mo ní, “Màmá, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ ti ṣe wàhálà púpọ̀ láyé. Láti òní lọ, ẹ ò gbọdọ̀ dé ìdí ẹ̀rọ yẹn mọ́. Ẹ sinmi.” Ó ní ó dáa, òun ti gbọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu? Ìyá mi mu tèmi, kò sì sọ pé ó korò.

Ní oṣù kìíní, á ṣì jí laago mẹ́rin, á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á na etí sílẹ̀. Bó bá gbọ́ ikọ́ ẹ̀rọ lókèèrè, á dìde, á tún rántí, á jókòó. Ẹlòmíràn ló wá ń jí àwọn ará kúlóòsì, kò sì ní ohùn tó dé ilé kejìlá. Àwọn tó rí tánkì wa náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ tiwọn. Láàárín ọdún kan, kànga ẹ̀rọ di mẹ́jọ. Ẹni tó gbẹ́ kànga mọ ògiri yí i ká kí wọ́n má jí pọ́ǹpù rẹ̀, ẹni tó mọ ògiri fi géètì sí i. Èmi náà mọ tèmi. Ojú fèrèsé tí ìyá mi ti máa ń wo kúlóòsì, búlọ́ọ̀kù ló ń wò. Omi wọlé wa lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ ara wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀, ẹ̀rọ ìta á wúkọ́ títí, kò ní sí ẹni tó máa dá a lóhùn.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ oúnjẹ kù. Ó kọ́kọ́ ń ṣẹ́ ìdámẹ́rin kù, nígbà tó yá, ìdajì. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára, ọkàn rẹ̀ dára, ìtọ̀ rẹ̀ dára. Dókítà ní, “Sà, kò sí àìsàn kankan lára Màmá.” Inú bí mi sí i. Mo ra oògùn tó ń mú èèyàn jẹun, mo ra tẹlifíṣọ̀n ńlá sí yàrá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ń kọjá, mo gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀, mo rò pé àlejò ló ní. Mo yọjú. Ẹni tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n ló ń kí. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀ o, ṣé dáadáa la jí?” Ó wá tẹ ara síwájú díẹ̀, ó ń dúró de èsì.

Mo rí i, mo sì kọjá. Mo ní kí n má dójú tì í.

Ní oṣù kẹjọ lẹ́yìn tí mo gbẹ́ kànga, Bàbá Ṣọlá tún ṣubú nínú ilé rẹ̀. Òun náà ti ní tánkì nígbà yẹn, Ṣọlá ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ló ní kí wọ́n ṣe é fún un. Kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kìíní. Kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kẹta ni ẹni tó ń gé koríko rí eṣinṣin lójú fèrèsé rẹ̀. Ìṣísẹ̀ méjìdínlógójì péré ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti tiwa. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, ó bi mí pé, “Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?” Mo ní, “Màmá, kò sí ẹnì kankan. Kálukú wà nílé rẹ̀.” Ó mi orí. Ó ní, “Lóòótọ́ ni. Kálukú wà nílé rẹ̀.”

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, òun náà sùn, kò jí. Oṣù mọ́kànlá gẹ́lẹ́ lẹ́yìn tí omi dé bálùwẹ̀ rẹ̀. Àwọn èèyàn ní ikú ìrọ̀rùn ni, pé ẹni tó sún mọ́ ọgọ́rin ọdún ti dàgbà, kí a dúpẹ́. Mo dúpẹ́. A ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin náà kọrin. Ṣùgbọ́n ní sítọ́, ẹrù kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde, ó ní ẹni tó fọwọ́ sí ìwé pé kó máa lọ. Ogún ọdún ni mo fi yẹra fún wíwo ìwé yẹn, kí n má baà rí ọwọ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Nínú gbogbo àwọn tó máa ń tò sídìí ẹ̀rọ, èmi àti Mama Chidi nìkan ló kù. Ẹ mọ ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́nu géètì, níbi tó ti ń ta búrẹ́dì àti ọṣẹ. Ẹ máa ń bi mí lórí fóònù pé, “Dádì, kí lẹ ń jáde lọ ṣe lójoojúmọ́ nínú oòrùn?” Búrẹ́dì ni mo máa ń pè é fún yín. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo máa ń débẹ̀. Bó bá ti rí mi, á ní, “Bàbá Fúnmi, ẹ ò tíì kú?” Màá ní, “Mò ń dúró kí o ṣíwájú, kí n lè jẹ ìrẹsì òkú rẹ.” Á ní ìrẹsì òkú òun kò ní kárí alájẹkì. A ó jà lórí ìròyìn, a ó jà lórí ọdún tí ọ̀wọ́n epo kan ṣẹlẹ̀, a ó bú àwọn ará Satellite Town tó ń gbé táńkà epo gba ojú ọ̀nà. Bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ bá lù tí kò rí mi, á ránṣẹ́. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ lásìkò òjò tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀pá tilẹ̀ wá, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Mi ò sọ fún yín, nítorí mo mọ̀ pé ọjọ́ náà gan-an ni ẹ máa gbé mi.

Lọ́jọ́rú, mo sọ fún un pé mò ń lọ ní Sátidé. Ó ń to búrẹ́dì lọ́wọ́, ó dúró.

“Ṣé ẹ fẹ́ lọ?”

“Àwọn ọmọ ló fẹ́ kí n lọ. Wọ́n ti ṣe wàhálà gan-an sí i. Tí mo bá ní mi ò lọ, ọkàn wọn ò ní balẹ̀. Jẹ́ kí n fi tẹ́ wọn lọ́rùn.”

Ó wò mí, ó wò mí, títí tí inú fi bí mi. Mo ní, “Kí ló dé tí o ń wò mí bí ẹni tó rí òkú?”

Ó ní, “Ẹ jókòó.” Ó fa bẹ́ǹṣì sún mọ́ mi. Ó ní, “Irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni Ìyá Àgbà sọ fún mi.”

Ó ní lẹ́yìn tí mo gbẹ́ kànga, tí mo bá ti lọ síbi iṣẹ́, tí géètì sì wà ní títì, ìyá mi máa ń wá sídìí ògiri, níbi tí wọ́n fi ihò sílẹ̀ kí omi òjò lè gbà jáde. Á bẹ̀rẹ̀, á pe òun. Ó ní òun á dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìhà kejì kí àwọn méjèèjì lè rí ojú ara wọn. Ìyá mi, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tí eegun rẹ̀ ń ró, ló ń bẹ̀rẹ̀ sídìí ihò gọ́tà kó lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kan, Mama Chidi ní òun ò lè fara dà á mọ́, òun máa sọ fún mi. Ìyá mi ki ọwọ́ sínú ihò náà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, “Jọ̀ọ́, má sọ fún un. Ọmọ mi ti lo gbogbo agbára rẹ̀ kí ara lè tù mí. Tó bá mọ̀ pé bó ṣe rí nìyí, kò ní lè gbé inú ilé náà mọ́. Jẹ́ kó rò pé mò ń gbádùn.” Ó mú kó búra. Mama Chidi sì búra. Ó tọ́jú rẹ̀ sínú fún ogún ọdún, ó jókòó tì mí níbi òkú, ó gbọ́ bí mo ṣe ń sọ fún àwọn èèyàn pé ìyá mi kò fẹ́ nǹkan kan kù kó tó lọ, kò sì la ẹnu.

Ó ní, “Ká ní ẹ ò sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀ ni, màá mú un lọ sí sàréè.”

Mi ò mọ bí mo ṣe délé lọ́jọ́rú. Mo lọ wo ihò yẹn. Ó ṣì wà níbẹ̀. Mo gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ kí n fi ojú mi sí ibi tó fi ojú rẹ̀ sí, ẹ̀yìn mi kò gbà fún mi. Mo dúró níbẹ̀, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Fúnmiláyọ̀, má sunkún ná, jẹ́ kí n parí rẹ̀. Mi ò bá ọ jà. Ẹ̀rù tó wà lọ́kàn rẹ yẹn, èmi ni mo bí i mọ́ ọ, kò sí bí mo ṣe lè kórìíra rẹ̀. O fẹ́ràn mi gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fẹ́ràn ìyá mi, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Kámẹ́rà tí ẹ ní ẹ ti fi sókè ilẹ̀kùn yàrá náà yóò rí mi bí mo bá ṣubú. Ta ni yóò bú mi níbẹ̀? Ta ni yóò sọ pé irọ́ ni mo pa, pé ọdún tí epo wọ́n kì í ṣe ọdún tí mo sọ? Mo lè ṣubú níhìn-ín. Àtẹ̀gùn ilé yìí ti ń yẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo mọ̀. Èmi àti Mama Chidi kò sì ní pẹ́ títí, ọ̀kan nínú wa yóò ṣíwájú, a kò tan ara wa. Kúlóòsì tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín ti kú, èmi ni mo kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ agbẹ́kànga dá a lu, kò sì sí ohun tó lè jí i. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, ìyẹn náà ni mo fi ń jí láàárọ̀.

Ìyá mi dákẹ́ nítorí mi, mo sì sin ín, mo tún dúpẹ́ lé e. Èmi ò ní dákẹ́ nítorí yín. Mo mọ̀ pé mo ti sọ pé ó dáa. Irọ́ ni mo pa kí inú yín lè dùn.

Ọmọ mi, mi ò fẹ́ lọ.